Àgbéyẹ̀wò: Ibi ìpamọ́ ìwé àwọn Quaker ní Pennsylvania, àti orúkọ tí kátálọ́ọ̀gì wọn kò mọ̀

Gbólóhùn kan tí mo gbọ́ níbi ìpamọ́ ìwé àwọn Quaker, ìyẹn ìjọ Kristẹni kan, ló mú mi jókòó kọ èyí. Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì tẹ orúkọ tí a fún un sínú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ má bínú, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa." Màmá tí mo mú lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì gbọ́ ọ ketekete. Àgbà ìjọ wa ni, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Philadelphia. Ìyá ìyá ìyá rẹ̀ la ń wá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un nílé pé obìnrin náà kàwé ní Institute for Colored Youth, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú.

Inú bí mi gidigidi. Ọmọ náà kò bú wa, kò sì gbójú sókè sí wa. Ohun tó dùn mí ni pé kò bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo sí i. Kọ̀ǹpútà ti ní kò sí, ó ti yíjú sí ẹni tó tẹ̀ lé wa.

Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ yẹn yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Owó $10,000 tí Quaker kan, Richard Humphreys, fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1837. Láti 1852 tí wọ́n ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ní Lombard Street, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń fi ṣe olùkọ́, àmọ́ àwọn Quaker aláwọ̀ funfun ló wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó. Fanny Jackson Coppin, tí wọ́n bí sínú ẹrú, tí àǹtí rẹ̀ fi $125 ra òmìnira fún, ló ṣe ọ̀gá àgbà níbẹ̀ láti 1869 títí di 1902. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ló di Cheyney University lónìí.

Àwọn alábòójútó wọ̀nyẹn ló kọ ìwé, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló kó o wá fún ìpamọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúkọ ìdílé wọn ni gbogbo nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀: lẹ́tà bàbá, lẹ́tà ìyá, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó tí gbogbo ẹni tó wá síbi ìgbéyàwó fọwọ́ sí. Ẹni tó kọ lẹ́tà ń wọ kátálọ́ọ̀gì. Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú lẹ́tà kì í wọ̀ ọ́.

A ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí obìnrin kan jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó rí ojú Màmá. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó kí i dáadáa, ó ní kó sọ gbogbo ohun tó mọ̀, kó má kánjú. Ìjọ wo ni bàbá obìnrin náà ń lọ? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ló ń san owó ìwé? Ó wá ṣàlàyé fún wa pé àwọn Quaker kì í ná kọ́bọ̀ kí wọ́n má kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà, ibi ìṣirò owó ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn Quaker Philadelphia pín sí ìhà méjì, Orthodox àti Hicksite, ní 1827, wọn ò sì tún padà di ọ̀kan títí di 1955, ìhà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé tirẹ̀. Ìhà Orthodox ni àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ó ní ká fi ti Hicksite sílẹ̀. Ó tún kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́: nọ́ńbà ni oṣù ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, nítorí wọn ò fẹ́ fẹnu kan orúkọ òrìṣà àwọn ará Róòmù. Oṣù kìíní ni January, ṣùgbọ́n nínú ìwé tó ṣáájú 1752, March ni.

Ó gbé páálí kan wá láti inú ìwé ìdílé alábòójútó kan. Nínú fáìlì ìwé owó oríṣiríṣi, tí ẹnikẹ́ni kò ní ronú láti ṣí, a rí abala ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tó yá ìwé sí, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ó wà níbẹ̀! Orúkọ àti orúkọ bàbá, ó hàn gedegbe. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ṣé ó dá ìwé wọn padà?" Àmì wà níwájú orúkọ náà pé ó dá a padà. Màmá rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo yàrá yíjú wò wá, kò sì sẹ́ni tó ní ká dákẹ́.

Wọ́n jẹ́ ká fi fóònù ya abala náà láìgba kọ́bọ̀. Ọmọkùnrin yẹn náà wá wò ó. Kò bá Màmá sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kó tọrọ àforíjì.

Obìnrin náà kọ orúkọ àti nọ́ńbà páálí sílẹ̀, ó ní òun yóò fi sínú kátálọ́ọ̀gì. Mo tún lọ wò ó kí n tó kọ èyí. Kò tíì sí níbẹ̀. Èyí ni mi ò lè gbójú fò. Ní 1776, àwọn Quaker Philadelphia pàṣẹ pé ọmọ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. Ìwé òmìnira tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówó ẹrú ṣì wà, orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí wọ́n bá lè fi yíǹkì kọ orúkọ ẹrú sílẹ̀ nígbà náà, kí ló dé tí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà kò lè ṣe é fún ọmọ ilé-ìwé?

Ìràwọ̀ 5 nínú 5 ni mo fún wọn. Ìwé náà wà, kò bàjẹ́, obìnrin yẹn sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ ṣáájú kí ẹ tó lọ, torí ilé mìíràn ni púpọ̀ nínú páálí náà wà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú dání, wọn ò gba bírò láàyè. Tí wọ́n bá sì ní orúkọ yín kò sí, ẹ má dìde: ẹ béèrè ẹni tó ń to ìwé náà gan-an, kí ẹ ní kó gbé ìwé owó wá.