Páwà sọ́pláì Mean Well LRS-100-12: ohun tí mo rí lára rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kámẹ́rà

Iṣẹ́ kámẹ́rà aṣọ́lé ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ohun tó sì ń dá èèyàn padà sọ́dọ̀ oníbàárà jù kì í ṣe kámẹ́rà. Páwà sọ́pláì ni, àpótí tó ń gba iná AC lára ògiri tó sì ń sọ ọ́ di DC 12V, irú iná tí bátìrì ń gbé jáde. Bí ìyẹn bá ti kú, gbogbo kámẹ́rà fọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. LRS-100-12 ti Mean Well, iléeṣẹ́ ará Taiwan, ni mò ń lò báyìí, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ń ṣe fún ẹni tó bá ń ronú àtirà á.

Tiransifọ́mà onírin wúwo la fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Á sọ 230V di bíi 15V, dáyóòdù mẹ́rin á sọ ọ́ di DC, 7812, ẹ̀yà kékeré kan tó ń dín iná kù, á wá gé e sí 12V. Ó ń ṣiṣẹ́, iná tó ń gbé jáde kò sì mì, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 15V AC yẹn, tó bá ti kọjá dáyóòdù tí kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń gbé iná dání fún ìgbà díẹ̀) sì gbà á dúró, ó ti di nǹkan bíi 19.8V. 12V la nílò. 7.8V tó kù, ooru ni 7812 ń fi ṣe. Bí ẹ bá fa 1A, wáàtì 12 lọ sí kámẹ́rà, wáàtì 7.8 ṣòfò, a ò tí ì ka èyí tí tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná Band A sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ta ló fẹ́ sanwó ooru?

Ọ̀nà mìíràn ni LRS ń gbà. Iná ògiri gan-an ló kọ́kọ́ ń sọ di DC, èyí tó máa ń tó 325V bí iná bá pé. Lẹ́yìn náà ni transistor kan, tó ń ṣe bíi swíìsì, á máa tan án, á máa pa á, ní ohun tó ju ìgbà 10,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyára yẹn ni kò jẹ́ kó nílò tiransifọ́mà ńlá. Gíga gbogbo ẹ̀rọ náà kò ju mìlímítà 30 lọ. Transistor yìí kì í sì í dúró sí agbedeméjì bíi 7812: bí kò bá ṣí tán, á pa tán, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbóná púpọ̀. Ìwé rẹ̀ ní ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó wọlé ló ń jáde. Bí ẹ bá ń fa gbogbo 8.5A rẹ̀, wáàtì 102 nìyẹn, nǹkan bíi 116 ló ń gbà lára ògiri. Kò ní fáànù, kò sì nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí ká mi lára ju owó iná lọ. Inú àpótí irin tí a kàn mọ́ ògiri, nítòsí òrùlé páànù, la sábà máa ń gbé e sí. Kapásítọ̀ ló kọ́kọ́ ń kú nínú irú ẹ̀rọ yìí, ohun tí àwa oníṣẹ́ sì mọ̀ ni pé bí ooru bá fi 10°C dín kù, ẹ̀mí kapásítọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, tí kò lórúkọ lára, 10A ni wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá fa 5A, ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e, kò sì ní pẹ́ tí orí kapásítọ̀ rẹ̀ á wú. Mo ti ṣí LRS tó ń gbé kámẹ́rà mẹ́jọ wò. Orí àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Iná tó lọ sílẹ̀ ńkọ́? Lálẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá tan amúlétutù, ó lè já sí 150V. Alẹ́ yẹn gan-an sì ni kámẹ́rà ń tan infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí tó fi ń ríran nínú òkùnkùn, tó ń fa iná jù. Ibẹ̀ ni tiransifọ́mà àtijọ́ ti ń jáni kulẹ̀. LRS-100 ń gba láti 85V títí dé 264V láìsí sítábílásà. Mo fi mítà kàn án nígbà tí iná ògiri wà ní 148V: 12.02V ló gbé jáde. Jẹnẹrétọ̀ gbà á, nọ́ńbà yẹn kò mì. Ìwé rẹ̀ ní ó lè fara da 300V fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé ìyẹn. Bí waya neutral bá já lórí òpó, ohun tó máa wọlé lè sún mọ́ 400V. Ẹ fi ohun tó ń já iná tó bá ga jù síwájú rẹ̀.

Nítòsí ibi tí waya ń wọ̀, síkúrù kékeré kan wà tí wọ́n kọ +V ADJ sí, ó ń yí láti 10.2V dé 13.8V. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Waya tó lọ sí géètì máa ń gùn, iná á sì dín kù lójú ọ̀nà. Mo máa ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí mítà tó wà lẹ́nu kámẹ́rà géètì á fi ka 12V.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé síkúrù AC àti ti DC wà lórí ìlà kan náà. Ẹ tì í mọ́nú àpótí níbi tí ọmọdé bá wà. Ara rẹ̀ irin ni, nítorí náà ẹ so waya ilẹ̀ mọ́ ọn. Ilé tí kò bá ní waya ilẹ̀, ó lè máa ta yín lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá sì yọ ọ́ lára iná, ẹ má tètè ṣí i, kapásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì gbé iná dání.

Àwọn kan ń yí i sí 13.8V kí wọ́n lè fi gba bátìrì. N kò fara mọ́ ọn. Bí bátìrì tó ti gbẹ bá fà á kọjá agbára rẹ̀, á pa ara rẹ̀, á tún tan, á tún pa, bátìrì kò sì ní kún. Ṣájà gidi ni kí wọ́n rà.

Owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti aláìlórúkọ yẹn lọ. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé owó iṣẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, oníbàárà tó bá sì ní kí n fi ti gbàrọgùdù rọ́pò rẹ̀, mo máa ń ní kó kúkú dín iye kámẹ́rà kù.