Owó ìrànwọ́ fún kíkọ́ ilé ẹran: oṣù 14 ni mo fi retí lẹ́tà kan

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ètò yìí, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ti ọkùnrin tó wá yẹ ilẹ̀ wò. Màá dé orí rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìjọba kì í gbé owó lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ lọ kọ́lé. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ tán, ẹ̀yin lẹ máa sanwó, ẹ ó kó rísíìtì jọ, wọ́n á wá wò ó, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó dá díẹ̀ padà nínú owó náà. Tèmi jẹ́ ìdá 40 nínú 100. N kò bá wọn jà sí ìyẹn, owó ìlú ni. Òfin kan ló wà níbẹ̀ tó dè mí lọ́wọ́: ẹ kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ kí lẹ́tà ìfọwọ́sí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, kó gbàgbé owó náà.

Ilé tí àwọn àgùntàn mi ń gbé nígbà yẹn, páànù rẹ̀ ti lu jára, ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin àgùntàn mọ ohun tí ilẹ̀ tútù ń fà: àárín pátákò á máa jẹrà, á máa rùn, ẹran á máa tiro, ìgbà tó bá yá á kúnlẹ̀ kó tó lè jẹko. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lè fi da kọnkéré síbẹ̀ kí gbogbo wa sinmi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dà á, wọ́n á ní mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ni mo bá ń fi ọ̀bẹ ha pátákò láràárọ̀, tí mo ń dúró de lẹ́tà.

Ní oṣù kẹta, wọ́n dá fáìlì mi padà. Òǹtẹ̀ tó wà lójú ewé kan nínú ìwé ilẹ̀ kò hàn dáadáa. Mo lọ lu òmíràn, ó dé ọwọ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Àṣé wọ́n ti tì mí sẹ́yìn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lóṣù yẹn! Bí mo bá pè wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ó ti wà lórí tábìlì ọ̀gá." Ọ̀gá wo? Tábìlì wo? Nígbà tí mo máa fi pè ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù ti mọ ohùn mi. "Ẹ kú sùúrù o, Dádì," ló fi kí mi.

Oṣù kẹsàn-án ni ọkùnrin ayẹ̀lẹ̀wò náà dé. Èmi àti bírikìlà ti kan èèkàn mẹ́rin ṣáájú, a fi okùn yí i ká ká lè mọ bí ilé ṣe máa fẹ̀ tó. Ó dúró ti èèkàn kan, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó yíjú sí mi: "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni, sà?" Gbogbo ara mi ló tutù. Mo ní èèkàn lásán ni, a ò tíì gbẹ́ nǹkan kan. Ó wo koríko tó ti hù bo ìdí èèkàn, ó wo okùn tí àgùntàn ti jẹ já lápá kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó bá mi rin ilẹ̀ náà fún bíi wákàtí kan. Òun ló ní kí n yí ojú ilé padà kí òjò má baà máa fẹ́ wọlé, kí n sì fi àyè sílẹ̀ lókè ògiri kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ jáde, torí òórùn ìtọ̀ tó bá há sínú ilé máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹran jẹ́. Ìràwọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ojú ilé tí a yí padà di pláànù tuntun, pláànù tuntun sì tún gbọ́dọ̀ gun orí tábìlì ọ̀gá. Oṣù 5 míì nìyẹn.

Lẹ́tà dé. Iye tí mo kọ sí fọ́ọ̀mù lóṣù kìíní ni wọ́n fi ṣírò ìdá 40 ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ agbaṣẹ́ṣe tó fún mi ní iye yẹn ti sọ pé ọjọ́ 30 lòun lè dúró lé e. Símẹ́ǹtì ti gbówó lórí, páànù àti igi tẹ̀lé e. Nígbà tí mo kọ́lé tán tí mo ṣírò ohun tó jáde lápò mi, èyí tí wọ́n dá padà kò tó ìdá 30. Wọ́n tún fún mi ní oṣù 6 péré láti parí iṣẹ́, àwọn tó fi oṣù 14 ronú! Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo wa, la bá jọ ń lé bírikìlà kan náà kiri. Kọnkéré ní tirẹ̀ kò mọ gbèdéke ìjọba. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń kà fún un kó tó gbó dáadáa.

Ṣé màá tún bá wọn ṣe é? Fún àká tí mo fẹ́ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, torí kò sí ẹran tó ń tiro nítorí rẹ̀. Ilé tí ẹran nílò lónìí, owó ara mi ni màá fi kọ́ ọ, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, kó gbé ìwé ilẹ̀ rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó wo òǹtẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó sì ya fọ́tò ilẹ̀ náà kó tó kan èèkàn kankan mọ́ ọn.