Ṣé RAM tó yára ni kí ẹ rà, àbí processor tuntun? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ mú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sọjí

Ọ̀rẹ́ mi kan ra RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, fún láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń lo processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) Intel Core i5-7200U. DDR4 3200 ni RAM náà: DDR4 ni irú rẹ̀, 3200 ni ìyára rẹ̀. Ó tú ìdí ẹ̀rọ náà, ó ki RAM bọ̀ ọ́, ó tan án, ó sì tàn. Ó ṣí Task Manager inú Windows kó lè fojú ara rẹ̀ rí ìyára tuntun náà. 2133 ló bá níbẹ̀. Ó yọ RAM, ó tún un kì, 2133 náà ni. Ó ti ń múra ìjà de ẹni tó tà á fún un kí n tó sọ fún un pé ọjà yẹn ò ní àbùkù kankan. Processor rẹ̀ ni kì í bá RAM DDR4 sọ̀rọ̀ kọjá 2133, bó ti wù kí RAM náà mọ eré sá tó.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra nǹkan wọ̀nyí kì í bi ara wọn nìyẹn. Wọ́n á bèèrè bí RAM ṣe yára tó, wọ́n á bèèrè bí processor ṣe lágbára tó, bí ẹni pé ọjà méjì tí kò mọra wọn rí ni. Bẹ́ẹ̀ inú processor gan-an ni ẹ̀yà tó ń darí RAM wà. AMD ti gbé e síbẹ̀ láti ọdún 2003, Intel sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ síbẹ̀ ní 2008. Ṣáájú ìgbà náà, orí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ jókòó lé, ló máa ń wà. Processor ló ń sọ ibi tí eré RAM yóò dé. Mọ́dábọ́ọ̀dù àti BIOS (ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá tan án) lè gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè dín in kù.

RAM wo ló wọ ẹ̀rọ wo?

| | DDR3L | DDR4 | DDR5 |
|---|---|---|---|
| Iye eyín (irin tó ń wọ ihò) | 204 | 260 | 262 |
| Iná tó ń jẹ (fóòtì) | 1.35 | 1.2 | 1.1 |
| Ìyára tó wọ́pọ̀ | 1333, 1600 | 2133, 2400, 2666, 3200 | 4800, 5600 |
| Ohun tí ẹyọ kan lè gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan | 12.8 GB ní 1600 | 25.6 GB ní 3200 | 38.4 GB ní 4800 |
| Ìran processor Intel tó sábà ń lò ó (i5-7200U jẹ́ ìran 7) | 3 sí 5 | 6 sí 13 | 12 sókè |

Ọ̀kan kì í wọ ihò èkejì. Ibi tí wọ́n gé láàárín eyín wọn yàtọ̀ síra, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi agbára tì í, ẹ dúró. Àwọn DDR3 nìkan ló lè tan èèyàn jẹ. DDR3 àtijọ́ ń jẹ fóòtì 1.5, DDR3L ń jẹ 1.35, eyín àwọn méjèèjì sì bára mu pátápátá. DDR3L á ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń fún RAM ní 1.5. Ṣùgbọ́n DDR3 lásán nínú ẹ̀rọ tí 1.35 nìkan ló ń pèsè, bí irú èyí tó pọ̀ láti ìran kẹrin Intel, ẹ̀rọ ò ní tàn rárá. Nígbà tí ẹ bá ń ra àlòkù, lẹ́tà L tó wà nínú PC3L-12800 tí wọ́n kọ sára RAM ni kí ẹ fojú wá. Ẹ má ṣe gba "ìkan náà ni" lẹ́nu ẹni tó ń tà.

Ìran 12 Intel náà ń da ojú rú. Processor kan náà, i5-1240P fún àpẹẹrẹ, mọ DDR4 3200, ó sì mọ DDR5 4800. Mọ́dábọ́ọ̀dù tí ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù yàn ló ń pinnu èyí tí ẹ máa rà, nítorí náà orúkọ processor nìkan ò tó láti fi ra RAM fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

2400 àti 3200: ṣé ẹ máa mọ ìyàtọ̀?

Bí processor yín bá gba 3200, tí owó rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti 2400, ẹ ra 3200. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yọ 2400 tó ti wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè fi 3200 rọ́pò rẹ̀, kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà kejì, èyí tí wọ́n máa ń kọ CL sí iwájú rẹ̀. Òun ló ń sọ bí RAM ṣe máa pẹ́ tó kó tó dáhùn. Ẹ fi CL ṣe ìlọ́po 2000, kí ẹ pín in pẹ̀lú ìyára, ẹ ó rí iye nanosecond rẹ̀. DDR3 1600 tó jẹ́ CL11 ń lo 13.75. DDR4 2400 tó jẹ́ CL17 ń lo nǹkan bíi 14.2. DDR4 3200 tó jẹ́ CL22 ń lo 13.75. DDR5 4800 tó jẹ́ CL40 ń lo nǹkan bíi 16.7.

Ẹ rí i pé láti ìgbà DDR3 títí di òní, ìdúró ẹnubodè ò kúrú sí i. Ojú ọ̀nà ló ń fẹ̀. Ẹni tó ń kó ẹrù púpọ̀ gba ojú ọ̀nà, bí ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń ṣeré géèmù, ló máa mọ̀ pé ọ̀nà ti fẹ̀. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà, tó ń ka ìmeèlì, tó ń ṣí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní mọ nǹkan kan.

Ibi tí owó dára láti ná sí ni ẹyọ kejì. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ń jáde pẹ̀lú ẹyọ RAM kan ṣoṣo nínú slot (ihò RAM) méjì. Processor lè bá ẹyọ méjì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì bu omi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹyọ 3200 kan ń gbé 25.6 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹyọ 2400 méjì ń gbé 38.4. Méjì tó falẹ̀ ju ọ̀kan tó yára lọ, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ó sì tún kan ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ jù, nítorí inú RAM kan náà ni àwòrán ojú ẹ̀rọ ti ń jẹun. Mo ti rí géèmù tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí ẹyọ kan, tó wá ń lọ geere nígbà tí wọ́n fi èkejì sí i, láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Kò pọn dandan kí méjèèjì dọ́gba. Bí ẹ bá fi 2666 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 3200, 2666 ni àwọn méjèèjì máa bá rìn. Bí ẹ bá fi 8 GB sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4 GB, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel, 8 GB àkọ́kọ́ nínú àròpọ̀ 12 GB á fọwọ́ méjì ṣiṣẹ́, 4 GB tó kù á fọwọ́ kan. Ó sàn ju kí ẹ ju 4 GB àtijọ́ nù lọ. Tí RAM bá sì ti kéré débi pé ẹ̀rọ ń sá lọ sórí dísìkì ní gbogbo ìgbà, kò sí ìyára kankan tó lè gbà yín. 16 GB tó ń sáré 2400 ni màá mú lójú 8 GB tó ń sáré 3200, n kò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Processor: èyí tó ṣeé yọ àti èyí tí wọ́n ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìrètí ti ń kú. Láti ìran karùn-ún Intel, òjé ni wọ́n fi ń jó processor láptọ́ọ̀pù mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù. Bákan náà ni Ryzen tí AMD ṣe fún láptọ́ọ̀pù. Àfi àwọn láptọ́ọ̀pù ńláńlá díẹ̀ tó ń lo processor kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Lẹ́tà tó wà ní ìdí orúkọ processor ni kí ẹ kà: U, H, HQ, HK, P, gbogbo wọn ló lẹ̀ pinpin. M àti QM ti ìran kejì àti ìkẹta sábà máa ń ṣeé yọ, bẹ́ẹ̀ náà ni M àti MQ ti ìran kẹrin. Ìdí nìyí tí i7-4700MQ fi ṣeé yọ, tí ìbátan rẹ̀ i7-4700HQ kò sì ṣeé yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà kan ló yà wọ́n. Àwọn orúkọ kan tún wà tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà méjèèjì, nítorí náà ẹ wo àwòrán ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: abẹ́rẹ́ ni kí ẹ rí níbẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀lù òjé.

Ìran kejì, tó jáde ní 2011, àti ìkẹta, tó jáde ní 2012, jọ ń lo socket (ihò tí processor ń wọ̀) kan náà tó ń jẹ́ G2. Ìran kẹrin, ní 2013, lọ sórí G3, kò sì padà wọ ilé àtijọ́. Ká sọ pé i5-2520M ló wà nínú ẹ̀rọ yín: kọ́ọ̀ (ẹ̀yà inú processor tó ń ṣe iṣẹ́) méjì, ooru wáàtì 35, RAM tí kò kọjá 1333, àròpọ̀ tí kò ju 16 GB lọ. Ta ni ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. i7-2670QM ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n orí 1333 àti 16 GB náà ló dúró sí. i7-2720QM jẹ́ ìran kejì bíi tirẹ̀, kọ́ọ̀ mẹ́rin bíi tirẹ̀, ó sì gba RAM 1600 àti 32 GB. Àwọn méjèèjì ń jẹ wáàtì 45. i7-3632QM ti ìran kẹta ló wù mí jù nínú wọn: kọ́ọ̀ mẹ́rin, RAM 1600, 32 GB, wáàtì 35 gẹ́gẹ́ bíi ti i5 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fáànù àti bàbà tó ń gbé ooru jáde ò ní mọ̀ pé àlejò dé. Ẹ rántí pé bí slot yín bá jẹ́ méjì, 32 GB á gba ẹyọ 16 GB méjì, èyí tí processor àtijọ́ wọ̀nyí kì í gbà nínú DDR3. Iye tí wọ́n kọ sórí ìwé processor, slot mẹ́rin ló ń bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá i5 ìran kejì jáde kò ní dédé mọ ìran kẹta. BIOS rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan gbé BIOS tuntun jáde fún un, àwọn mìíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Bí wọ́n bá ta àwòṣe láptọ́ọ̀pù yín nígbà kan rí pẹ̀lú processor tí ẹ fẹ́ rà, ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀. Bí wọn ò bá tà á bẹ́ẹ̀ rí, tẹ́tẹ́ lẹ ń ta. Ẹ kọ́kọ́ ti BIOS lọ sí èyí tó tuntun jù nígbà tí processor àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ tán, ẹ̀rọ tí kò tàn kò ṣeé gbé BIOS sí.

Ní ti wáàtì 45 nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún 35, ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ooru á mú processor náà dẹsẹ̀ eré ní gbàrà tí iṣẹ́ bá le. Ṣájà wáàtì 65 náà lè má tó mọ́. Ẹni tó bá ra i7 tó ń sáré bíi i5 nítorí ooru, kí ló rà?

Ti ìran kẹrin rọrùn láti sọ: láti i5-4300M lọ sí i7-4712MQ, wáàtì 37 ni àwọn méjèèjì, RAM DDR3L 1600 náà ni wọ́n ń lò. Kọ́ọ̀ ló pọ̀ sí i. Ti RAM kò yí padà rárá.

Bí kò bá sí ohun tó ṣeé yọ

Láptọ́ọ̀pù Framework, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, gba ọ̀nà mìíràn: gbogbo mọ́dábọ́ọ̀dù ni ẹ máa pààrọ̀, processor á sì tẹ̀lé e. Nínú èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 13, ẹni tó kúrò ní ìran 11 bọ́ sí 12 tàbí 13 lè kó DDR4 rẹ̀ lọ. Ẹni tó bọ́ sí Ryzen 7040 gbọ́dọ̀ ra DDR5 5600 tuntun, nítorí náà kó fi owó RAM kún owó bọ́ọ̀dù kó tó fi wé láptọ́ọ̀pù tuntun.

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń lo LPDDR, irú RAM tí kì í jẹ iná púpọ̀, ni RAM wọn ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Apple kó tirẹ̀ mọ́ processor M1 ní 2020, Intel náà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú processor Lunar Lake ní 2024, 16 tàbí 32 GB, ó parí. Ohun tí ẹ rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ máa lò títí, nítorí náà ẹ má ṣahun lórí RAM níbẹ̀. LPCAMM2, RAM pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi súkúrú dè, ti ń mú ìṣeéyọ padà bọ̀, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tó ní i ò tíì pọ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, Task Manager á sọ iye slot tó wà àti iye tí ẹ ti lò. CPU-Z náà dára, àmọ́ ìdajì ìyára ló ń fi hàn: bí ẹ bá rí 800 fún RAM 1600, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Lórí Linux, dmidecode ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Bí DDR5 sì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kì, ojú ẹ̀rọ lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan án, nítorí processor àti RAM ṣì ń mọra wọn. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì.