Ilé Àwọn Aṣojú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kàlàbá: Ilé Náà Yẹ Ní Wíwò, Àwọn Tó Mú Wa Lọ Ló Kù Díẹ̀ Káàtó

Ní ìparí oṣù kọkànlá tó kọjá, mo bá ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń kó èèyàn rìnrìn àjò afẹ́ lọ sí Kàlàbá láti Ìbàdàn. Ohun tí ó mú mi sanwó ni pé wọ́n ka ilé tí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé láyé àmúnisìn, èyí tí ó di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1986, mọ́ àwọn ibi tí a ó dé. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo ní í sọ nípa ilé náà, ọ̀tọ̀ sì ni ti àwọn tí wọ́n mú wa lọ.

Orí òkè ni ilé náà wà, ó kọjú sí odò. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi igbó Kàlàbá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Igi páìnì ilẹ̀ òkèèrè ni; ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ti gé e, tí wọ́n sì ti dì í sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n wá tò ó pọ̀ sórí òkè yìí ní 1884. Mo fi ọwọ́ pa ibi tí èèyàn ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń dán bí ọmọ odó tí ó ti gún iyán fún ogún ọdún. Ní ilẹ̀ tí igi àti gbẹ́nàgbẹ́nà kò wọ́n, wọ́n di odidi ilé lẹ́rù wá láti òkèèrè bí ẹni ń bọ̀ wá pàtẹ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò jù nínú gbogbo ohun tí mo rí.

Ọdún yẹn kan náà ni Edward Hewett, aṣojú Ọbabìnrin Victoria, ń gbé ìwé àdéhùn kiri etí òkun. Àwọn ará Jámánì ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba Duala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ní oṣù keje, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, àwọn ọba àti ìjòyè Efik, àwọn onílẹ̀ Kàlàbá, ti tọwọ́ bọ tirẹ̀. Kàlàbá ni Claude MacDonald, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣe ìjọba láti 1891, Ralph Moor sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Moor kò sí nílé nígbà tí Phillips, tí ó ń delé dè é, gbéra lọ sí Ìbíní ní oṣù kìíní 1897, tí wọ́n sì pa á lójú ọ̀nà. Lóṣù kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbíní, wọ́n kó ààfin. Kàlàbá ni wọ́n mú Ọba Ovonramwen wá, ibẹ̀ náà ló sì wà títí ó fi wàjà ní oṣù kìíní 1914.

Láti 1900, Kàlàbá ni olú-ìlú Gúúsù Nàìjíríà. Ìgbà tí wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ ọn ní 1906, lábẹ́ Walter Egerton, ni olú-ìlú ṣí lọ sí Èkó. (Mo mọ àwọn ará Èkó tí wọn kò ní fẹ́ gbọ́ pé Kàlàbá ti ṣáájú wọn nínú ohunkóhun.) Nínú àwọn ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, àwọn ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n ń ná bí owó nígbà òwò ẹrú àti òwò epo pupa ló dá mi dúró pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n a kò lè dúró pẹ́. Wákàtí méjì ni ilé-iṣẹ́ tó kó wa lọ kọ sínú ìwé. Ìṣẹ́jú ogójì ni wọ́n fún wa, nítorí pé wọ́n ti ní ká wá jẹun níbi kan. Owó ìwọlé tí wọ́n ní ó ti wà nínú ohun tí a san, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó burú jù ni ti afinimọ̀nà tí wọ́n mú dání láti Ìbàdàn, tí ó sọ fún wa láìmikàn pé Lugard ló kọ́ ilé náà. Bàbá kan láàárín wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wá rọra bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé Lugard tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa títí di 1894?” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá padà lọ ní èmi nìkan, mo tún sanwó, mo sì wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ fúnra yín. Nínú mẹ́wàá, mo fún ilé náà ní mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ni mo fún àwọn tí wọ́n kó wa lọ, dẹ́rẹ́bà ló sì ni méjì nínú rẹ̀.