Warp inú Ableton Live: ibi tó ti wúlò fún ègé orin àti ibi tó yẹ ká pa á

Ẹni tó bá ti gbé ègé orin àtijọ́ lé bíìtì tuntun rí yóò mọ bó ṣe máa ń rí: báà àkọ́kọ́, ìyẹn ìlù mẹ́rin àkọ́kọ́, á dùn, lẹ́yìn náà ni ègé ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ṣíwájú ìlù díẹ̀díẹ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí onílù àti oníjó tó ń bínú síra wọn. Nítorí ìyẹn ni Warp, ohun tó ń na orin tàbí tó ń fún un pọ̀ kó lè bá ìyára bíìtì mu, ṣe wà nínú Ableton Live, ètò orin tó kọ́kọ́ jáde láti ìlú Berlin ní Jámánì lọ́dún 2001. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi í gé orin, mo sì gbà pé èyí tí wọ́n ń yìn jù nínú rẹ̀ kọ́ ló wúlò jù.

Bí ègé wa bá jẹ́ odindi báà kan tó ní ìlù mẹ́rin, tó sì gba ìṣẹ́jú àáyá 2.82, a jẹ́ pé BPM rẹ̀, ìyẹn iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan, jẹ́ 85. Bí bíìtì wa bá wà ní 90, báà náà gbọ́dọ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.67. Nínú kí á mú un yára kí ohùn rẹ̀ gòkè, tàbí kí á fún un pọ̀ kí ohùn rẹ̀ má yẹ̀, a ní láti mú ọ̀kan. Lórí SP-1200, ẹ̀rọ ìgé-orin tó jáde lọ́dún 1987, ti àkọ́kọ́ ló wà. Àwọn tó ń lò ó a tilẹ̀ máa fi ìyára 45 gbá àwo orin tó yẹ kó máa yí ní ìyára 33 kí orin lè wọ inú nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 tí ẹ̀rọ náà ń gbà, kí wọ́n tó wá fa ohùn rẹ̀ padà sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí gan-an ni Re-Pitch, ọ̀kan lára ọ̀nà tí Warp ń gbà ṣiṣẹ́, ń ṣe. Láti 85 sí 90, ohùn á gòkè ní bíi sẹ́mítóònù kan (ìwọ̀n ìgbésẹ̀ tó kéré jù lórí dùùrù), ìró rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́ rárá. Òun ni mo kọ́kọ́ máa ń dán wò.

Complex Pro, ọ̀nà Warp mìíràn, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn, torí pé kì í yí gíga ohùn padà. Ó dára fún orin tí akọrin àti jìtá ti para pọ̀ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ni kọ̀ǹpútà lára. Bí a bá nà án jù, ẹnu ìlù á kú: ohun tó yẹ kó dún pàì á wá dún bí ìlù tí a fi aṣọ bò. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Beats ló yẹ ìlù, kò sì yẹ ohùn dùùrù gígùn.

Àmì Warp, tí a fi ń so ibì kan nínú ègé mọ́ orí ìlù, gba sùúrù. Mo gé fèrè kan nígbà kan, mo sì fi àmì àkọ́kọ́ sórí èémí tí afunfèrè fà sínú kó tó fun ún, dípò orí ìró fèrè fúnra rẹ̀. Gbogbo ègé tó tẹ̀ lé e ló pẹ́ dé, mo sì ń bá ìlù jà ní gbogbo alẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ṣì í. Láti ọjọ́ náà, orí báà kọ̀ọ̀kan nìkan ni mo ń fi àmì sí. Mi ò fọwọ́ kan àárín, kí ìfì tí onílù fi lu orin náà má baà sọnù.

Fún ègé kéékèèké, mo máa ń pa Warp pátápátá, màá sì lo Slice inú Simpler, ohun èlò inú Live tí a fi ń gbá ègé orin. Ó ń gé orin níbi tí ìró kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, bí ètò ìgé-orin ReCycle ti ń ṣe láti 1994, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan á sì máa pe ègé tirẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìka ló ń pe ègé bọ́ sórí ìlù, kò sídìí láti na ohunkóhun. Bí bíìtì bá yára ju orin lọ, ègé tuntun á gé ti ìṣáájú kúrú. Bó bá lọ́ra jù ú lọ, àlàfo díẹ̀ á ṣẹ́ kù sí ìdí ègé kọ̀ọ̀kan, èmi sì fẹ́ràn àlàfo yẹn.