Ilé Ìrànlọ́wọ́ Kan Ní Adó-Èkìtì Tí Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Àbúrò Mi Fi Ẹ̀kọ́ Sílẹ̀

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi bá ọmọ àbúrò mi obìnrin lọ sí ilé ìrànlọ́wọ́ kan ní Adó-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń dúró ti àwọn ọ̀dọ́ tí àmì àìsàn ọpọlọ ti ń yọjú lára wọn, ṣùgbọ́n tí àìsàn náà fúnra rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ń kọ èyí fún òbí tí ó bá ń ronú àtimú ọmọ rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni, ó sì wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí oorun rẹ̀ dàrú, tí kò lọ sí kíláàsì mọ́, tí ó ń sọ pé àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn. Nígbà mìíràn ó máa ń gbọ́ bí ẹni pé ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń bi ara rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Dókítà ní ìyèméjì yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí àìsàn náà bá ti mú tán kì í sábà ṣiyèméjì mọ́. Ó tún ní ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó wà ní irú ipò yìí ni àìsàn náà kì í padà mú, ṣùgbọ́n igbó mímu a máa fi kún ewu rẹ̀.

Gbogbo mọ̀lẹ́bí ti fẹnu kò pé kí ó wá sinmi ní Ìkọ̀lé fún ọdún kan. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò gbà. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká dín ẹrù rẹ̀ kù, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá." Ní Èkìtì wa níbí, tí ìwé kíkà jẹ́ ògo ilé, mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tí ó kúrò ní yunifásítì láìgboyè, mo sì mọ bí ìtìjú yẹn ṣe lè sé ọmọ mọ́ inú yàrá.

Amẹ́ríkà ni ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, Individual Placement and Support ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kí wọ́n bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wá iṣẹ́, kí wọ́n sì dúró tì í nídìí rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí àìsàn ọpọlọ wọn le ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Wọn kì í dúró dìgbà tí ara bá yá tán. Ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ṣe ni wọ́n ń bá a wá, òṣìṣẹ́ náà àti dókítà a sì jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kọ́ọ̀sì mẹ́rin péré ni ó ṣe ní sáà yẹn. Kí òṣìṣẹ́ náà tó kọ lẹ́tà sí olùkọ́ rẹ̀, ó bi ọmọ náà ní ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ àti ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ohun kan náà ni ó ṣe nígbà ìsinmi, nígbà tí ọmọ ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe: ó bá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ ọ̀gá ibẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí ọmọ máa dé ní aago mọ́kànlá, nítorí oorun rẹ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ràn wọn jù lọ nìyí.

Àléébù wọn kò kéré. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ó lọ sí ìsinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó pè wá. Wọn kì í ṣí ní Sátidé, owó ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé sì wọ́n. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé oṣù kẹta ni wọ́n tó pe ìyá ọmọ náà jókòó, nígbà tí ó ti mú un lọ gba ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru lórí òkè àdúrà. N kò bá a wí fún àdúrà, ṣùgbọ́n àìsùn ọjọ́ mẹ́ta yẹn dá ọmọ náà padà sẹ́yìn gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdajì wákàtí àlàyé ì bá ti dènà rẹ̀.

Ó yege nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ti forúkọ sílẹ̀ láti tún ìkẹrin ṣe, a sì tún ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀.