Fítámínì C àbí niacinamide (ẹ̀yà Fítámínì B3 kan): èwo ló ń wọnú awọ ara ní tòótọ́?

Àpá irorẹ́ ló sọ mí di oníbàárà méjèèjì. Serum Fítámínì C ni mo kọ́kọ́ rà. Ó mọ́ gaara bí omi lọ́jọ́ tí mo ṣí i. Kí oṣù kejì tó pé, ó ti pọ́n bí tíì. Owó rẹ̀ dùn mí, mo bá ń fi para lọ. Àpá kò kúrò.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ló tò léra bíi bíríkì lókè awọ ara, ọ̀rá ló sì dí àárín wọn. Ohun tí èérún rẹ̀ bá ju nǹkan bíi 500 dalton (òṣùwọ̀n bí èérún ṣe wúwo tó) lọ kì í sábà ráyè kọjá níbẹ̀. Fítámínì C jẹ́ 176, niacinamide jẹ́ 122, nítorí náà kì í ṣe ìtóbi ló dá Fítámínì C dúró. Iná mànàmáná tó máa ń wà lára rẹ̀ nínú omi ni ọ̀rá yẹn kì í fẹ́. Àfi kí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan: bó bá ṣe kéré sí ni nǹkan ṣe ń kan sí) wálẹ̀ ju 3.5 lọ kí iná náà tó dín kù, kó tó wọlé dáadáa. Ó ní láti kan gan-an nìyẹn, abájọ tó fi ń ta mí lẹ́rẹ̀kẹ́! Bó bá sì ti kọjá 20%, àfikún rẹ̀ kì í wọlé mọ́. Ẹ má sanwó lórí 30%. Afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ sì ń bà á jẹ́ nínú ìgò: pípọ́n tí tèmi pọ́n, bíbàjẹ́ ni. Ẹ̀yà rẹ̀ tí kì í tètè bàjẹ́, magnesium ascorbyl phosphate, ni wọ́n dán wò lára awọ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìwádìí tó jáde ní 2001. Kò fi kún Fítámínì C inú awọ náà.

Niacinamide kò ní iná lára, kò nílò kíkan, ìmọ́lẹ̀ kì í sì tètè bà á jẹ́.

Ní ti iṣẹ́, Fítámínì C ń dí ṣíṣe àwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Niacinamide ń dènà kí àwọ̀ náà bọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè. Bí Fítámínì C bá ti wọlé, ìdajì rẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 4. Ìyẹn dára púpọ̀. Méjèèjì ń fẹ́ ìpara tó ń dènà oòrùn.

Ẹni tó bá rí ìgò dúdú tí wọ́n kọ pH sí, tó sì lè tètè lò ó tán, kó ra Fítámínì C. Àbúrò mi bi mí lóṣù tó kọjá, niacinamide 5% ni mo ní kó rà, kó fún un ní ọ̀sẹ̀ 8.